Bọ́ọ̀lù Pupa Yẹn

Ìjà ni mo fi pàdé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹ̀rín ni, irọ́ ló pa.

Mo wọ kíláàsì mi láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, mo bá ọkùnrin kan lábẹ́ tábìlì, ó ń fa wáyà. Páálí ìdérí ìgò mi ti wà níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdọ̀tí.

"Ta ló gbé páálí mi síta?"

"Èmi ni, Àǹtí. Ẹ má bínú, mo rò pé pàǹtí ni."

"Ìwọ ni pàǹtí! Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣà á jọ!"

Àwọn ọmọ ọdún márùn-ún ni mò ń kọ́. Bí mo bá ní "àlùbọ́sà", wọn á fetí sí i, wọn á gbé ìdérí kan kalẹ̀ fún sílébù kọ̀ọ̀kan. À. Lù. Bọ́. Sà. Mẹ́rin. Ọmọ tó bá lè gbọ́ ọ báyẹn, ìwé kíkà ò ní dà á láàmú.

Ọkùnrin náà yọrí síta, eruku kún irùngbọ̀n rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kí pàǹtí parí iṣẹ́ ẹ̀ ná."

Ìyá rẹ̀ ló ni iléèwé. Ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló kọ ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà tó ń tò sí kíláàsì mi. Kọ̀ǹpútà á pe ọ̀rọ̀, bọ́ọ̀lù pupa á máa fò lójú rẹ̀ bí sílébù ṣe ń jáde, ọmọ á wá tẹ bọ́tìnnì ní ìgbà kan fún sílébù kọ̀ọ̀kan tó gbọ́. Tó bá gbà á, ìràwọ̀ á tàn.

Lọ́jọ́ kejì, ó dá ìdérí ìgò mi padà. Ó ti fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti dà wọ́n sínú ike tuntun. Ibẹ̀ ni mo ti kó sí i lọ́wọ́, kí n má purọ́. Kó tó di oṣù kẹrin, "ìfẹ́ mi" ni mò ń pè é, "iná mi" lòun náà ń pè mí. Ó ní òun máa tó bá ìyá òun sọ̀rọ̀ nípa wa.

Tínńtín ló bà á jẹ́. Àbí kí n ní òun ló tún un ṣe?

Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni Tínńtín, kíláàsì mi ló wà, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà tó ni iléèwé ló ń gbé. Kò sí ìràwọ̀ tí kì í gbà. Ìyá àgbà ò sì yé fi í yangàn fún àwọn òbí. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo pe ọmọ yìí látẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mẹta, kò wẹ̀yìn. Ara fu mí. Mo tú gèlè orí mi, mo fi bo ojú kọ̀ǹpútà.

"Àlùbọ́sà," ni kọ̀ǹpútà wí.

Àwọn ọmọ yòókù tẹ̀ ẹ́, òmíràn gbà á, òmíràn ṣì í. Tínńtín ò tẹ nǹkan kan. Ó gbé ìka sókè, ó ń wo gèlè, ó ń dúró de bọ́ọ̀lù.

Ojú lọmọ yìí fi ń kà á látọjọ́ yìí!

"Ìfẹ́ mi," mo ní, "etí ọmọ yìí ò gbọ́ dáadáa. Bọ́ọ̀lù rẹ ni ò jẹ́ ká mọ̀."

Ojú rẹ̀ le. "Ètò yẹn ń ṣiṣẹ́. Ṣé torí ìdérí ìgò lo fẹ́ fi bà á jẹ́?"

Ó dùn mí wọ egungun. Mo gba ọ́fíìsì ìyá rẹ̀ lọ, ó tẹ̀ lé mi.

"Ọmọọmọ tèmi ló dití?" ni ìyá wí. "O ń wá ọkọ nínú ilé mi, o tún ń wá àbùkù síbẹ̀?"

"Mà, ẹ mú un lọ rí dókítà etí. Ìyẹn nìkan ni mo wí."

Mo yíjú sí ọkùnrin tó ń pè mí ní iná. Bàtà rẹ̀ ló ń wò. Bàtà! Bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìdáhùn sí.

"Mà, ẹ gba kíláàsì yín. Ìwọ, máa wo bàtà ẹ."

Mo gbé ike ìdérí mi, mo bá tèmi lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń pè mí, mi ò gbé e. Mo sì nífẹ̀ẹ́ rẹ̀ o. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ó gbé kọ̀ǹpútà mọ́ abíyá, ó di Tínńtín lọ́wọ́ mú. Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kékeré kan wà lẹ́yìn etí ọmọ náà.

"Mo dìde níwájú àwọn òbí," ló wí, "mo ní irọ́ ni gbogbo ìràwọ̀ yẹn, èmi ni mo kọ irọ́ náà, olùkọ́ tó rí i la jẹ́ kó lọ. Màámi ò bá mi sọ̀rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin, àwọn fúnra wọn ló gbé Tínńtín lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Wọ́n ní kó o máa bọ̀, àmọ́ àwọn ò tíì fẹ́ràn ẹ."

"Sọ fún wọn pé èmi náà ò tíì fẹ́ràn wọn."

Ó gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀. Ojú rẹ̀ dúdú, kò sí bọ́ọ̀lù kankan. Tínńtín ti kọ̀yìn sí wa, ó ń da ìdérí ìgò mi sílẹ̀.

Ohùn ọkùnrin náà jáde nínú kọ̀ǹpútà: "Má bínú mọ́."

Mo mọ̀ pé mẹ́rin ni. Ìgbà márùn-ún ni mo tẹ bọ́tìnnì, ó ń dún kọ̀ kọ̀. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.

"Mẹ́rin ni, Àǹtí!" Tínńtín ò tiẹ̀ yíjú wá. Ó ti to ìdérí mẹ́rin sílẹ̀.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

"Iná mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ. Àmọ́ inú ṣì ń bí mi."

"Títí di ìgbà wo?"

"Títí wàá fi ju bàtà yẹn nù."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó jáde, ó jù ú sínú ìdọ̀tí. Ẹsẹ̀ lásán ló fi rìn délé ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, Tínńtín wà níwájú wa, ó ń ka ìṣísẹ̀ wa láìwẹ̀yìn.