Ta Ló Pa Àgbò Fàlílù?

Àgbò tí Fàlílù rà sílẹ̀ de Iléyá kú láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan. Kò ṣàìsàn, okùn kò fún un lọ́rùn, ejò kò bù ú jẹ. Fàlílù ti gbé bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń wà jáde láti ìdájí, ó ti forí lé Sàngó. Ìyábọ̀, ìyàwó rẹ̀, ló bá ẹran náà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ń jáde nímú rẹ̀. Oyún inú Ìyábọ̀ ti wọ oṣù kẹjọ, èyí tó ṣáájú rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà kì í ṣe kékeré.

"Wọ́n ti mu ẹ̀jẹ̀ ẹ̀," ni Mọ́mì Jabez wí. Ayálégbé wọn ni, òṣìṣẹ́ yunifásítì. "Àgbò ni wọ́n fi dánra wò. Èyí tó wà níkùn yín ni wọ́n ń bọ̀ wá mú."

"Ta ni wọ́n?"

Mọ́mì Jabez wo ẹnu ọ̀nà yàrá Ìyá Mùíbátù, ìyá tó bí Fàlílù lọ́mọ.

A kì í dárúkọ Ọ̀tà lójú àlejò kó má rántí àjẹ́. Àwa ọmọ ìlú ti fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín tipẹ́. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ti sọ oko wa di ilé, tí àlejò pọ̀ ju onílé lọ, ẹ̀rín náà ti di ìbẹ̀rù. Kí sì ni ẹ̀rí wọn? Láti ìgbà ààwẹ̀ ni Ìyá Mùíbátù ti ń kọjá lára ènìyàn láì kí wọn, obìnrin tó jẹ́ pé ewúrẹ́ ẹni pàápàá, á béèrè àlàáfíà rẹ̀. Bí ọmọdé kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò ní wo apá ibẹ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á máa fọwọ́ tọ ògiri lọ, á wá tẹjú mọ́ni láì sọ̀rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ tó ṣáájú ikú àgbò ni Ìyábọ̀ rí i lábẹ́ igi máńgòrò. Ohun funfun kan ń gbọ̀n lórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, Ìyá sì nawọ́ sí i, ó ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. "Sọ̀kalẹ̀, jọ̀ọ́. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Wá ká lọ sílé." Ìyábọ̀ di ikùn mú, ó sá wọlé. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pa ọmọ jẹ?

"Màmá yín ò ní wẹ ọmọ mi," ni Ìyábọ̀ sọ fún ọkọ rẹ̀. "Ẹ mú wọn lọ sọ́dọ̀ àbúrò wọn ní Ìtẹ́lé."

"Ìyá mi? Ta ló wẹ gbogbo ọmọ àdúgbò yìí?"

"Wọ́n ní inú ọmú ni ìyá ti ń fún ọmọ ní àjẹ́. Ẹ ṣọ́ra kó má ti wà lára ẹ̀yin náà."

Fàlílù bínú, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ ọ́ lára. Ó lọ bá ìyá rẹ̀. "Ìyá mi, ṣé ẹ mọ nǹkan kan nípa àgbò yẹn?"

Ìyá ní: "Ẹ ṣáà jẹ́ kí n wẹ ọmọ yẹn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ lé mi."

Kò sọ pé irọ́ ni. Láti ọjọ́ náà ni Fàlílù kò ti jẹ oúnjẹ ìyá rẹ̀ mọ́. Ojú ń tì í, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù ìyá tó bí i.

Mọ́mì Jabez ní kí wọ́n gbé Ìyá wá fún ìdáǹdè ní ṣọ́ọ̀ṣì òun. Fàlílù tó ń kírun márùn-ún gbé ìyá rẹ̀ lọ láàárọ̀ Sátidé, Mọ́mì Jabez sì tẹ̀ lé wọn. Ó bọ́ sí ọjọ́ tí dókítà ojú wà lábẹ́ kánópì níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń yẹ ojú àwọn àgbà wò lọ́fẹ̀ẹ́. Pásítọ̀ Akínwándé rí bí Ìyá ṣe tẹsẹ̀ bọ gọ́tà, tó sì ń fọwọ́ wá àga kiri.

"Ẹ má tíì gbé màmá wọlé," ni pásítọ̀ wí. "Ẹ kọ́kọ́ mú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà."

Dókítà Ẹfúnróyè na ìka sí ẹ̀gbẹ́ etí Ìyá. Ìyá kò rí i. "Màmá, wọ́n ti fún yín ní oògùn ojú rí?"

Ìyá dorí kodò. "Wọ́n fún mi ní ọsibítù lọ́dún tó kọjá. Nígbà tí ààwẹ̀ dé, tí mo bá kán an, kíkorò ẹ̀ máa ń dé ọ̀fun mi. Mo ní kó má ba ààwẹ̀ mi jẹ́. Ojú ọ̀hún ò sì dùn mí, mo rò pé ó ti san."

"Àìsàn yìí kì í sábà dunni, Màmá. Omi inú ojú ló ń pọ̀ jù, tó ń tẹ iṣan ìríran pa díẹ̀díẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ wá sí àárín. Èyí tó ti lọ ò ní padà mọ́. Oògùn la ó fi di èyí tó kù mú, lójoojúmọ́. Tí ààwẹ̀ bá dé, ẹ kán an lẹ́yìn ìṣínu àti ní sààrì."

"Ìyá mi, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?" ni Fàlílù béèrè.

"Ta ló máa gbé ọmọ tuntun lé afọ́jú lọ́wọ́? Ó sàn kí ẹ pè mí ní àjẹ́. Adìẹ funfun mi ni mo ń pè lábẹ́ máńgòrò. Ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án ni mo mọ̀ pé ọ̀rá lásán ni, tí atẹ́gùn gbé kọ́ síbẹ̀."

"Ẹ ṣì ń rí àárín," ni dókítà sọ. "Ẹ óò wẹ ọmọ yẹn, tí ẹnìkan bá ti jókòó tì yín." Ó wá kọjú sí Fàlílù. "Àìsàn yìí máa ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ. Ẹ ti lé lógójì ọdún. Ẹ jókòó, ẹ tẹjú mọ́ imú mi. Tí ẹ bá ti rí ìka mi, ẹ sọ."

Fàlílù tẹjú mọ́ ọn, ó ń retí. "Ẹ ò tíì na ìka."

"Mo ti nà án tipẹ́. Apá òsì yín ló wà."

Fàlílù rántí. Ní ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, bó ṣe ń fi ẹ̀yìn wa bọ́ọ̀sì jáde, nǹkan kan ró gbì lápá òsì. Ó rò pé àpò ìdọ̀tí ni. Apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ni wọ́n so àgbò mọ́.

Ìtìjú bò ó débi pé bí ilẹ̀ bá là, ì bá wọlẹ̀. Lójú Mọ́mì Jabez, lójú gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ kánópì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá rẹ̀.

Ìyá ṣì ń wo iwájú. Ó nawọ́ sí àga tí ọmọ rẹ̀ ti dìde, ó bá a lófìfo.

"Fàlílù? Ṣé o ti fi mí sílẹ̀ lọ ni?"

Ìdọ̀bálẹ̀ náà kò dé ibi tí ojú Ìyá mọ. Ẹnu ni Fàlílù yóò fi sọ ọ́, kí gbogbo ayé sì gbọ́.

"Mo wà nílẹ̀ níbí, Ìyá mi," ni Fàlílù wí. "Èmi ni mo pa á."