Ọjọ́ Mẹ́jọ Lórí Òkè

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí n sọ ìtàn ìfẹ́ kan fún yín. Bí omi bá bọ́ lójú yín, ẹ má dá mi lẹ́bi.

Ìdáná ni mò ń ṣe lórí òkè tí a ti ń wo ìràwọ̀, nínú aṣálẹ̀ Atacama. Ọ̀wọ́ òṣìṣẹ́ méjì la jẹ́: bí ọ̀kan bá ṣe ọjọ́ mẹ́jọ, á sọ̀ kalẹ̀, èkejì á gòkè.

Yasna, ará ọ̀wọ́ kejì, ló ń ka àwòrán ìràwọ̀. Nibaldo, ará ọ̀wọ́ tiwa, ló ń yí awò ńlá tí a fi ń wo ìràwọ̀. Ìgbà tí Nibaldo lọ dípò aláìsàn kan ní ọ̀wọ́ kejì ló bá Yasna níwájú àwòrán agbo ìràwọ̀ méjì tó ń gba inú ara wọn kọjá.

"Ṣé wọn ò ní forí gbárí báyìí?"

Yasna rẹ́rìn-ín. "Rárá o, ọ̀gá ayí-awò. Àyè tó wà láàárín ìràwọ̀ pọ̀ jù. Gáàsì wọn ló ń kọlu ara wọn. Á ki, á ká jọ, ìràwọ̀ tuntun á wá máa tú jáde bí eéṣú."

"Lẹ́yìn náà ńkọ́?"

"Gáàsì á tán. Wọn ò ní rí nǹkan kan fi bí òmíràn mọ́."

Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ibi tí bọ́ọ̀sì tó ń gòkè àti èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀ ti ń pàdé ní kọ́nà nìkan ni wọ́n ti ń ríra, àtẹ́lẹwọ́ lára gíláàsì. Ojú lọ̀rọ̀ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú nìkan kì í yó ni.

"Iyọ̀ mi, bọ́ sí ọ̀wọ́ wa," Nibaldo bẹ̀ ẹ́ lórí fóònù.

Ṣùgbọ́n Doña Herminda, ìyá Yasna, kò lè dá rìn. Yasna àti Maritza ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ níbi ìwakùsà, ló ń gba ìtọ́jú ìyá ṣe fún ara wọn: bí ọ̀kan bá lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́jọ, èkejì á wà nílé.

"Bí ẹ̀yin méjèèjì bá lọ lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò bu omi fún mi?" ìyá bi í. "Ṣé ìràwọ̀ ni?"

"Màmá, mo ti bẹ aládùúgbò wa."

"Ẹni tó lé eku méjì á pòfo, ọmọ mi."

Yasna bá ọ̀wọ́ wa gòkè. Háà, ọjọ́ mẹ́jọ yẹn! Ìṣojú mi ni òun àti Nibaldo ti ń fi ṣíbí kan ṣoṣo jẹun, tí ẹ̀rín wọn ń kún yàrá oúnjẹ. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé Yasna gbàgbé láti pe ìyá rẹ̀.

Nígbà tó délé, ilẹ̀ ló bá Doña Herminda, ife òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ti kú. Aládùúgbò ti ṣi ọjọ́ kà: ó rò pé Maritza ló wà nílé.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Yasna padà sí ọ̀wọ́ rẹ̀ àtijọ́.

"Mi ò kórìíra rẹ, Nibaldo," ló sọ. "Ohun tí mo fi ń nífẹ̀ẹ́ ló tán."

Don Eliseo, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wa, ló sọ ìyókù ìtàn náà fún mi. Ó ní títí dòní, bí òun bá dé kọ́nà yẹn, òun ṣì máa ń dín eré kù, nítorí Nibaldo á ti gbé àtẹ́lẹwọ́ lé gíláàsì. Kọ́tìnì fèrèsé Yasna nínú bọ́ọ̀sì kejì kì í ṣí.