Àga Tí Wọ́n Gbé Kalẹ̀ De Olóyè

Ọjọ́ tí Ọmọ́rìnsọ́lá kọ́kọ́ rí Akínpẹ̀lú, orí pèpéle ló wà, ó ru abọ́ irin tó kún fún òkúta, ọrùn rẹ̀ sì ń gbọ̀n. Ipa lébìrà ni wọ́n fún un nínú eré tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń múra rẹ̀ n'Ìkẹ́rẹ́. Lébìrà wo ló ń wọ aṣọ funfun báláú? Kò tilẹ̀ fi òṣùká sórí.

Ọmọ́rìnsọ́lá, tó ń ṣe ipa màdáámú tó ni kúárì, ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, kò lè pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Ajẹbọ́tà, ta ló ń ru òkúta láìsí òṣùká?"

"Mi ò ru ẹrù rí," ni Akínpẹ̀lú wí. "Kọ́ mi."

Ọmọ́rìnsọ́lá tú gèlè kékeré tó wé, ó ká a roboto, ó sì fi sí i lórí. Akínpẹ̀lú wò ó títí ojú fi ti ọmọbìnrin náà. Kó tó pé oṣù méjì, "màdáámú mi" ló ń pè é, òun náà ń pè é ní "lébìrà mi". Wọ́n jọ ń jẹ àgbàdo sísè lẹ́yìn gbọ̀ngán, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Ohun tí Akínpẹ̀lú kò sọ ni pé bàbá òun, olówó tó ti Èkó bọ̀, ló ni kúárì ọ̀nà Adó. Olóyè nìkan ni gbogbo ìlú ń pe bàbá náà. Ohun tí Ọmọ́rìnsọ́lá náà kò sọ ni pé kúárì yẹn ni òkúta ti fọ́ ẹsẹ̀ bàbá òun, Joshua, tí wọ́n fi gé e. Olóyè kò bẹ̀ ẹ́ wò rárá. Gbólóhùn kan ló sọ: "Ta ló ní kó dúró síbẹ̀?" Ọmọ́rìnsọ́lá fúnra rẹ̀ ló fi gbólóhùn náà sínú eré, àmọ́ kò sọ ọ́ rí nígbà tí wọ́n ń múra.

Lọ́jọ́ eré, Olóyè ni alága. Òkúta wó lu lébìrà. Màdáámú bọ́ síta nínú léèsì, ó wò ó nílẹ̀, ó ní, "Ta ló ní kó dúró síbẹ̀?"

Àwọn èèyàn pòṣé. Olóyè dìde, ó sì jáde. Akínpẹ̀lú kò dìde nílẹ̀, àní lẹ́yìn tí wọ́n ti fa aṣọ ìtàgé.

"Bàbá mi ló sọ ọ̀rọ̀ yẹn," ló wí. "Ìdí oúnjẹ ni mo ti gbọ́ ọ."

"Nígbà tí òkúta fọ́ ẹsẹ̀ bàbá mi ló sọ ọ́."

Ọmọ́rìnsọ́lá sunkún, inú sì bí i gidigidi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni kò fi dá Akínpẹ̀lú lóhùn. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní, "Mo fẹ́ràn rẹ, mi ò lè purọ́. Àmọ́ kí bàbá rẹ wá tọrọ mi nílé wa, bí gbogbo bàbá ọkọ ṣe ń ṣe. Kó wá wo ẹsẹ̀ yẹn."

Akínpẹ̀lú bẹ bàbá rẹ̀ títí. "Kí èmi lọ tọrọ ọmọ lọ́wọ́ lébìrà?" ni Olóyè dáhùn. Dírẹ́bà ló fi àpò ìrẹsì rán. Bàbá Ọmọ́rìnsọ́lá dá a padà lódindi. "Sọ fún un pé ulé mi kò jìnnà," ló wí.

Akínpẹ̀lú kó kúrò nílé bàbá rẹ̀, ó lọ ń ṣe tíṣà n'Ìláwẹ̀. Ó tó ọdún kan kí wọ́n tó dá ọjọ́ ìtọrọ. Wọ́n ránṣẹ́ sí Olóyè, wọ́n sì gbé àga tó dára jù kalẹ̀ níwájú dè é nílé Joshua. Pius, àbúrò ìyá Akínpẹ̀lú, dé. Akínpẹ̀lú fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wá láti oríta, ó ru iṣu, gèlè kékeré ọjọ́sí ni òṣùká rẹ̀. Wọ́n retí títí di aago méjì. Ọkọ̀ kankan kò yà sílé náà.

Pius mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀."

Monísọ́lá, ìyá ìyàwó, fẹ́ gbé àga náà kúrò. Ọkọ rẹ̀ fi ọ̀pá kanlẹ̀.

"Fi í sílẹ̀. Ìjókòó Olóyè ni. Kí gbogbo èèyàn rí i."

Akínpẹ̀lú dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú ẹsẹ̀ kan ṣoṣo yẹn, kò sì tètè dìde. Ọmọ́rìnsọ́lá kúnlẹ̀ tì í. Ó rí i pé omi ń bọ́ lójú Akínpẹ̀lú.

"Ọrùn rẹ ò gbọ̀n mọ́," ló rọra wí fún un.