Ọ̀fẹ́ Tí Kò Kan Ìfẹ́dayọ̀

Ọjọ́ tí Ọláníran kọ́kọ́ pàdé Ìfẹ́dayọ̀, ìyìn ló ń retí. Ìbéèrè ló bá pàdé.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, ní gbọ̀ngàn ìjọ wọn ní Àfẹ́núù Karùn-ún, ní Festac. Àwọn ọ̀dọ́ kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ọláníran dúró níwájú, ó ń fi ìkànnì ayélujára tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe hàn wọ́n lára ògiri. Ilé Oríkì ló sọ ọ́. Ẹni tó bá ti ní fóònù lè wọ ibẹ̀, kí ó wá oríkì ìdílé rẹ̀ kàn, kí ó kà á láìsan kọ́bọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Èkó, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ki bàbá rẹ̀, ó bọ́ nínú ìtìjú nìyẹn. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọmọbìnrin kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé na ọwọ́ sókè. Ọ̀pá funfun tẹ́ẹ́rẹ́ wà lórí itan rẹ̀. Ó ní òun kò ríran, pé ohùn kan nínú fóònù ló máa ń ka gbogbo ohun tó bá wà lójú fóònù sí òun létí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́," ló wí. "Mo ti wọ Ilé Oríkì yín. Mo fọwọ́ kan ibì kan, fóònù ní 'àwòrán.' Mo fọwọ́ kan ibòmíràn, ó ní 'àwòrán.' Ṣé oríkì ìdílé tiwa náà ni 'àwòrán'?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọláníran náà rẹ́rìn-ín, ó wá ṣàlàyé. Ó ní àmì ohùn máa ń fọ́n ká lójú àwọn fóònù kan, tí oríkì á sì di yẹ̀yẹ́. Nítorí náà ni òun ṣe ya oríkì kọ̀ọ̀kan ní fọ́tò, kí àmì kankan má baà já bọ́.

"Àmì ohùn kò já bọ́ lóòótọ́, sà," ni ọmọbìnrin náà fèsì. "Èmi ni mo já bọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ta Ọláníran lára. "Ọ̀fẹ́ ni, àbúrò mi. N kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni."

"Mo gbọ́, sà. Ẹ ní ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ọmọ Yorùbá. Ṣé wọ́n ti wá yọ èmi kúrò ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọláníran gbé ìbínú dé ilé wọn ní Amúwo. Ó kúnlẹ̀ kí ó fi ẹjọ́ ọmọbìnrin náà sun Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà kò gùn. Kó tó ṣe àmín, ó ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ó dìde, ó fa gèlè ìyá rẹ̀ yọ, ó fi di ojú ara rẹ̀, ó sì ní kí fóònù máa ka Ilé Oríkì fún òun. Bọ́tìnnì, bọ́tìnnì, àwòrán, bọ́tìnnì. Ilé tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, kò rí ọ̀nà wọ yàrá kan níbẹ̀.

Màmá Margaret, ìyá rẹ̀, wọlé bá a bẹ́ẹ̀, ó sì bi í pé irú eré wo ló ń fi gèlè ṣọ́ọ̀ṣì òun ṣe.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Ọláníran wá nọ́ńbà ọmọbìnrin náà, Ìfẹ́dayọ̀, ó sì pè é. Ó tọrọ àforíjì, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó wá bá òun tún ilé náà ṣe. Ìfẹ́dayọ̀ ní kí ó máa bọ̀.

Báyìí ni ó ṣe di ẹni tó ń lọ sí ilé Bàbá Akíntáyọ̀, bàbá Ìfẹ́dayọ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ti fẹ̀yìntì. Ìloro ni wọ́n máa ń jókòó sí. Bàbá á wà nítòsí pẹ̀lú rédíò rẹ̀, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan. Ọláníran á máa fi lẹ́tà tẹ oríkì tó ti yà ní fọ́tò, Ìfẹ́dayọ̀ á máa fetí yẹ̀ ẹ́ wò, á sì máa tọ́ka sí ibi tí ọ̀nà ti dí.

"Ọmọ tuntun kì í kọjá ọjọ́ kẹjọ láìlórúkọ," ló sọ lọ́jọ́ kan. "Bọ́tìnnì yín yìí ti ń rìn, kò tíì jẹ́ nǹkan kan."

Ọláníran sì ń fún wọn lórúkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan: Wá Ìdílé, Ka Oríkì, Padà Sílé.

Ohùn inú fóònù ló kù. Ó ń ka Yorùbá bí òyìnbó tí ata ń ta lẹ́nu. Wọ́n rí i pé ó yẹ kí ènìyàn fi ohùn ara rẹ̀ ki àwọn oríkì náà, kí ẹni tó bá fẹ́ lè gbọ́ ọ. Ìfẹ́dayọ̀ ní òun lè gbìyànjú. Ẹsẹ̀ ìyá bàbá òun ni òun ti kọ́ oríkì kíkì, kí òun tó mọ A, B, D. Ó la ẹnu, bàbá sì pa rédíò rẹ̀ lójijì.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìfẹ́ náà kò gba ojú wọlé sọ́dọ̀ Ìfẹ́dayọ̀, etí ló gbà. Ó fẹ́ràn bí Ọláníran ṣe máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó gbà pé òun ṣe àṣìṣe. Ọláníran ní tirẹ̀, bí ọjọ́ bá pé tí kò gbọ́ ohùn Ìfẹ́dayọ̀, oúnjẹ kì í wù ú.

"Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà," ni Ọláníran wí ní ìrọ̀lẹ́ kan. "Mi ò mọ ibi tí mo máa gbé tèmi sí."

"Sọ ọ́ jáde. Etí ni tèmi wà."

"Mo fẹ́ràn rẹ, Àbẹ̀kẹ́," ni Ọláníran wí, ó fi oríkì rẹ̀ pè é.

Nígbà tí Ìfẹ́dayọ̀ máa fèsì, ńṣe lòun náà fi oríkì kì í:

"Àlàní, ọmọ tó gbọ́ ìbáwí tí kò sá,
Ó kọ́lé tán, ó tún ti òòlù bọlẹ̀kùn;
Wọ́n ní àlejò kò rọ́nà wọlé,
Ó ní bí ògiri bá dí i, kí wọ́n wó ògiri.
Àlàní mi, èmi náà fẹ́ràn rẹ."

Màmá Margaret kò gbà á bẹ́ẹ̀. Ó ní ọmọ dáadáa ni Ìfẹ́dayọ̀, ṣùgbọ́n àánú ló ń ṣe ọmọ òun, ìfẹ́ kọ́. Bí àánú bá sì tán, kí ni wọ́n máa fi gbélé? Ọláníran rò ó pé tí ìyá òun bá rí Ìfẹ́dayọ̀ níwájú ìjọ, ọkàn rẹ̀ á rọ̀. Èrò yẹn ló kó bá a.

Ní Sunday tí Ilé Oríkì parí, nígbà ìjẹ́rìí, Ọláníran gba máìkì. Kò sọ fún Ìfẹ́dayọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó kàn pè é síwájú ni. Ó ní arábìnrin yìí kò ríran, àánú rẹ̀ sì ṣe òun, ni òun ṣe tún gbogbo iṣẹ́ náà ṣe. Kí ó tó parí ọ̀rọ̀, Màmá Margaret ti dìde, ó na ọwọ́, ó ń gbàdúrà kí ojú là. Gbogbo ìjọ na ọwọ́. Ìfẹ́dayọ̀ dúró láàárín wọn, ó ń ṣe àmín, nítorí kì í kọ àdúrà. Ṣùgbọ́n bí àdúrà ti parí, ó fi ọ̀pá wá ọ̀nà, ó jáde.

Níta ló ti bá Ọláníran sọ̀rọ̀.

"Iṣẹ́ ni mo bá ọ ṣe. O wá sọ mí di ìjẹ́rìí."

Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sílé. Láti ọjọ́ náà, kò gbé fóònù Ọláníran mọ́.

Ọláníran ṣe sùúrù títí, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Bàbá Akíntáyọ̀. Bàbá pa rédíò.

"Dìde. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í ṣe sàráà tí èèyàn ń ṣe kí Ọlọ́run lè bù kún un. Láti kékeré ni gbogbo ẹni tó bá rí i ti ń gbàdúrà fún un. Ekukáká la fi rí ẹni tó bi í pé kí ló fẹ́ jẹ. Olúwa wa tó lágbára láti la ojú, ó kọ́kọ́ bi afọ́jú léèrè ohun tó fẹ́. Ìwọ ta ni, tí o kò fi lè béèrè?"

Ìfẹ́dayọ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọláníran yíjú sí i.

"Mo ṣẹ̀ ọ́. Dákun. Kí lo fẹ́, Àbẹ̀kẹ́?"

"Mo fẹ́ dúró síbi tí o mú mi dúró sí, kí n fi ẹnu ara mi sọ̀rọ̀. Ìwọ, kí o jókòó."

"Níwájú?"

"Lẹ́yìn pátápátá. Má sì sunkún, mo mọ̀ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Sunday tó tẹ̀ lé e. Ìfẹ́dayọ̀ kí ìjọ, ó dúpẹ́ àdúrà, ó ní àmín òun kò yẹ̀. Ó wá fi ohùn tí kò gbọ̀n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Ojú mi kọ́ ló ti ilẹ̀kùn Ilé Oríkì mọ́ mi. Ẹni tó kọ́ ọ ló gbàgbé pé mò ń bọ̀. A ti jọ tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe nǹkan ọ̀fẹ́ sórí ayélujára, Ọlọ́run á san án fún yín. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá se oúnjẹ ọ̀fẹ́, tí ẹ gbé e sórí àjà, ẹni tí kò lè gùn, ẹ kò tíì fún un. Ẹ má gbé e wálẹ̀ torí àánú wa. Ẹ gbé e wálẹ̀ torí pé ọmọ ilé ni wá."

Lẹ́yìn ìsìn, Màmá Margaret gba àárín èrò kọjá, ó dúró níwájú rẹ̀.

"Ìwọ lò ń ki oríkì inú fóònù yẹn?"

"Èmi ni, mà."

"Mo máa ń tan án tí mo bá ń dáná. Mo ṣe bí àgbàlagbà kan ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n háyà. Ọbẹ̀ mi ti jóná sí ohùn rẹ." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọmọ mi, mo na ọwọ́ sí ọ, mi ò béèrè. Má bínú."

Ìfẹ́dayọ̀ kúnlẹ̀, ó kí i. Kò pẹ́ púpọ̀ tí ìdílé Ọláníran fi wá tọrọ rẹ̀, Bàbá Akíntáyọ̀ sì gbà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbéyàwó, wọ́n mú ìyàwó dé Amúwo. Ìyàwó bọ́ bàtà, àwọn obìnrin ilé bu omi tútù sí i lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń súre pé ẹsẹ̀ ire ni yóò tẹ̀ wọlé. Bí omi ti tán, àǹtí kan sáré wá, ó fẹ́ fà á lọ́wọ́. Màmá Margaret dá a dúró.

"Ìyàwó mi, báwo lo ṣe fẹ́ ká wọlé?"

"Ẹ fún mi ní èjìká yín, mà. Kí ẹ ṣíwájú."

Màmá Margaret yí ẹ̀yìn sí i, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀. Ìfẹ́dayọ̀ gbé ọwọ́ lé èjìká ìyá ọkọ rẹ̀, àwọn méjèèjì sì wọlé, wọ́n ń bára wọn sọ̀rọ̀. Ọláníran tẹ̀ lé wọn, bàtà ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.