Apá Ọ̀tún Orí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́. Òótọ́ ni. Ẹni tí kò bá gbà, kó jókòó sílé ẹ̀. Mi ò ráyè ìjà.

Onígbàjámọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi. Ọwọ́ òsì ló fi ń gẹrun. Àwọn yòókù ládùúgbò, ọ̀tún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Òun, ẹ̀yìn etí òsì ni. Tó bá fi máa parí, ilà iwájú orí á ti tẹ̀ díẹ̀ sósì, bí ẹni tó ń yọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀, àmọ́ ilẹ̀ ni mo ń gbá. Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni. Ó ní orí èèyàn kì í ṣe pápá, tí mo bá bà á jẹ́, ta ló máa tún un gbìn?

Ọkọ̀ gbá a níwájú ṣọ́ọ̀bù. Awakọ̀ ò dúró. Èmi ni mo gbé e kúrò lójú títì. Àwọn èèyàn wá kí wa, wọ́n ní ká gba kámú, wọ́n ní ẹ̀kọ́ wà nínú ẹ̀. Ẹ̀kọ́ wo? Mo dìde kúrò láàárín wọn. Màmá wa ò jẹun mọ́, omi nìkan ni wọ́n ń mu. Mo ní mo máa ta àga àti dígí, kí ojú mi yéé rí wọn. Màmá ní kí n ṣì ní sùúrù.

Lọ́sàn-án àná, òjò ń ṣẹ́ wínníwínní. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ẹni tó fẹ́ ra àga lè wò ó. Láti ọjọ́ ìsìnkú, àpò mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Iná ò sí. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́.

Bíríkìlà kan wọlé, oníbàárà wa tó ti rìnrìn àjò tipẹ́. Ó ṣí fìlà. Apá òsì orí ẹ̀ mọ́ tónítóní. Apá ọ̀tún kún bí igbó. Irun ṣì wà léjìká ẹ̀.

"Bá mi parí ẹ̀. Mi ò lè rìn báyìí láàárín ìgboro."

"Ta ló gẹ ẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Lórí àga yìí, láàárọ̀. Ó ní ìwọ lo máa parí ẹ̀."

Mo bú u. Mo bi í bóyá ọtí ló mu. Mo sọ fún un pé a ti sin ín. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó wá rí ojú mi, ó fọwọ́ kan orí ẹ̀.

Ilé wa fara kan ṣọ́ọ̀bù, Màmá gbọ́ ohùn mi, wọ́n jáde. Wọ́n fi ìka tọ ilà orí ọkùnrin náà láti etí dé iwájú. Ó tẹ̀ sósì.

"Ọwọ́ ọmọ mi rèé. Parí ẹ̀."

Mo mú àlùmọ́gàjí. Ká, ká, ká. Mo dáwọ́ dúró. Ìró náà ò tètè dúró.

Nírọ̀lẹ́, Màmá jẹun, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Wọ́n ní mo rí i báyìí, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún mi. Inú tó bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣé iṣẹ́ ni mo tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀? Ojú ẹ̀ ni mo fẹ́ rí. Ó ń bá oníbàárà tàkúrọ̀sọ, kò yà sọ́dọ̀ mi.

Láàárọ̀ yìí, mo bá èèyàn mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Télọ̀. Olùkọ́ kan. Bàbá kan tí mi ò mọ̀ rí. Gbogbo wọn fọwọ́ bo apá ọ̀tún orí.

Mo bi wọ́n pé níbo ni ẹ̀gbọ́n mi wà.

"Ó wà nínú," télọ̀ ní. "Ó ń gẹ tẹlòmíì lọ́wọ́."

Àgádágodo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo ṣí i, mo dá wọlé. Kò sẹ́nì kankan. Irun bo ilẹ̀ tí mo gbá lánàá.

Wọ́n ti ń kanlẹ̀kùn báyìí. Màmá wà láàárín wọn, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn èèyàn wọlé. Rárá o. Mi ò parí orí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi, tèmi ló kàn.

Mo ti fi irin há ilẹ̀kùn. Mo ti jókòó sórí àga.

Àga náà ṣì gbóná.