Ọláwándé Onígìtá àti Àwọn Tí Ó Lé Dànù

Ọláwándé mọ gìtá ta, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Òun àti Fúnṣọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ orin kántìrì àti rọ́ọ̀kì sílẹ̀ ní Dubai. Akẹtẹ̀ ńlá ni wọ́n ń dé kọrin ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní àdúgbò Al Muraqqabat níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbéraga gba ọkàn rẹ̀. Hòtẹ́ẹ̀lì ló ń ṣe físà fún wọn, ẹnu Ọláwándé, olórí ẹgbẹ́, sì ni máníjà ń gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá ti pàtẹ́wọ́ fún ju Ọláwándé lọ, ó parí fún un: wọn á fagi lé físà rẹ̀, ẹlòmíràn á dé láti Èkó. Bí Dúpẹ́olúwa onílù ṣe lọ nìyẹn.

Ti Fúnṣọ́ ló burú jù. Fúnṣọ́ lọ sin ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Erùpẹ̀ sàréè kò tíì gbẹ tí Ọláwándé fi ní kí wọ́n fagi lé físà rẹ̀. Pápákọ̀ òfuurufú Dubai ni wọ́n ti dá a padà. Ìkà ni, n kò ní fi bò.

Nígbà tó yá, ó tún fẹ́ lé Ànúolúwapọ̀, akọrin tuntun. Máníjà ní, "Habibi, khalas, ó ti tó. Ìwọ ni kó o máa lọ." Ẹgbẹ́ ń kọrin wọn lọ. Ẹnikẹ́ni kò bá a bẹ̀bẹ̀.

Ibùsùn kan ló háyà nínú yàrá àjùmọ̀gbé ní Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai. Ibẹ̀ ni Dúpẹ́olúwa, tó ti rí iṣẹ́ àti físà tuntun ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Mirdif, ní Dubai, gbé oúnjẹ wá bá a.

"Dúpẹ́, ṣé o wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹun ná. Inú bí mi sí yín gan-an, I no go lie. Jésù ló ní kí n dárí jì yín. Èmi náà ò dáa, Ó gbà mí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ físà sílẹ̀, ẹ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ yín."

Ọláwándé kúnlẹ̀, ó sunkún, ó pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ lórúkọ. Jésù gbà á lọ́jọ́ náà.

Lẹ́yìn náà ló pe Fúnṣọ́ láti tọrọ àforíjì. Bùsáyọ̀, ìyàwó Fúnṣọ́, ló gbé fóònù.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè wá mọ́. Ọkọ mi ní òun ò ní ọ̀rẹ́ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ọláwándé ṣì ń pe Fúnṣọ́ títí dòní. Wọn kì í gbé fóònù.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ta ni ìwọ ń lé dànù kí o lè ga? Ọlọ́run a máa dárí jini lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí a dá sí ọkàn ọmọnìkejì kì í tètè jiná. Wá sọ́dọ̀ Jésù lónìí, kí o sì lọ bẹ ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tó ṣì ń gbé fóònù rẹ.