Ẹni Tí Yóò Máa Béèrè

Ilé ìkàwé kan ní Queens Village, ní New York, ni Olúsànmí ti kọ́kọ́ rí wọn. Bàbá arúgbó tó ń gbowó tọ́jú ló tì wá síbẹ̀ lórí àga oníkẹ̀kẹ́. Ó rí ọmọbìnrin kan tó ń kàwé, lásìkò tí ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní kíláàsì.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o sá nílé ìwé ni?"

"School ni mo wà yìí, sà," ni ọmọ náà, Ṣìmí, dá a lóhùn. "Tíṣà mi nìyẹn."

Tíṣà náà gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. Doyin ni, ìyá Ṣìmí. Opó ni. Ẹ̀rín kan ṣoṣo yẹn ló kó ọkàn Olúsànmí lọ. Bí ìfẹ́ bá wọ àgbà lára, kì í pariwo.

Kò pẹ́ tó fi mọ ọ̀nà ilé wọn ní Laurelton. Ibẹ̀ ló ti rí i pé kíkọ́ ọmọ nílé kì í ṣeré ní New York. Lọ́dọọdún ni Doyin ń kọ̀wé sí ìjọba, tó ń ṣàlàyé gbogbo ohun tí yóò kọ́ ọmọ. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ló ń fi rípọ́ọ̀tù ránṣẹ́. Bí ọdún bá sì ń parí, wọ́n á tún fẹ́ mọ ibi tí ọmọ bá ẹ̀kọ́ dé.

"Adùn mi, wàhálà yìí pọ̀ jù," Olúsànmí wí. "Ní New Jersey tí mò ń gbé, kí ẹ̀kọ́ ọmọ ṣáà ti tó ti ilé ìwé. Ẹnikẹ́ni kì í béèrè rípọ́ọ̀tù. Fẹ́ mi, ká jọ kọjá odò lọ síbẹ̀, kí o sinmi."

Ó rò pé ẹ̀bùn ńlá lòun gbé kalẹ̀. Omi ló bọ́ lójú Doyin.

"Sànmí, láti ìgbà tí bàbá Ṣìmí ti kú, ta ló ń bi mí bóyá mo ṣe é dáadáa? Àwọn ìjọba yìí nìkan ni. Bí mo bá dé ibi tí wọn kì í béèrè, tí mo wá ba ọmọ olóògbé jẹ́ ńkọ́?"

Olúsànmí gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé.

Ìyá rẹ̀ tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó fẹ̀yìn tì l'Abẹ́òkúta, tún dá kún un. "Ọmọ tí ò lọ sílé ìwé? Kí ni n ó wí fáwọn ará ilé? Lọ wá ẹlòmíràn!"

"Mọ́mì, ẹ rí wọn ná."

Doyin mú Ṣìmí wá. Mọ́mì fi gbogbo ọ̀sán da ìbéèrè bo ọmọ: ìṣirò, ìtàn, ẹ̀yà ara. Èyí tó mọ̀, ó dáhùn, èyí tí ò mọ̀, ó ní, "Grandma, ẹ kọ́ mi." Ojú màmá tàn bí ẹni tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Nígbà tí Doyin dìde pé àwọn ń lọ, Mọ́mì ní, "Lọ síbo? A ò tíì ṣe ìṣirò ìdá!"

Olúsànmí rọra wo olólùfẹ́ rẹ̀. "Doyin, ṣé o rí ẹni tí yóò máa béèrè?"

Ó rí i. Wọ́n ṣègbéyàwó, wọ́n kọjá odò.

Nígbà tí oṣù mẹ́ta pé ní New Jersey, ìjọba ò béèrè nǹkan kan. Lẹ́yìn oúnjẹ, Olúsànmí nu tábìlì, ó fa àga. Mọ́mì wọ awò ojú.

"Ìyá Ṣìmí," ọkọ rẹ̀ wí, "rípọ́ọ̀tù dà?"

Doyin bú sẹ́rìn-ín títí omi fi dé ojú rẹ̀.

"Ẹ jókòó dáadáa," ó ní, "ẹ̀yin ìjọba mi."